Òbí tó wà lórí probation ní Amẹ́ríkà: ibi tí agbára kóòtù mọ lórí owó àti lórí ọmọ

Probation ni kí kóòtù jẹ́ kí ẹni tó jẹ̀bi máa gbé láàárín ìlú dípò ẹ̀wọ̀n, lábẹ́ ìmójútó àti àwọn àṣẹ tó gbọ́dọ̀ pa mọ́. Ìwé àṣẹ probation tí kóòtù ní Amẹ́ríkà ń fún èèyàn sábà máa ń jẹ́ fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́. Àpótí kéékèèké ló kún inú rẹ̀, wọ́n á sì fàmì sí èyí tó bá kan ẹjọ́ náà. Ọ̀kan ní kí ẹlẹ́jọ́ má ṣe kúrò ní ìpínlẹ̀ láìgbàṣẹ. Òmíràn ní kó máa san owó ìmójútó lóṣooṣù. Òmíràn tún ní kó má ṣe dá wà pẹ̀lú ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 18. Nítorí pé àpótí kan náà ni gbogbo wọn, òbí tó gba ìwé yìí máa ń rò pé bí agbára kóòtù ṣe tó lórí àkọ́kọ́ náà ló ṣe tó lórí ìyókù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí adájọ́ ò gbọdọ̀ torí wọn rán èèyàn lọ sẹ́wọ̀n láìkọ́kọ́ béèrè ohun pàtó kan. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí kó tó lè fi wọ́n lé òbí lórí rárá.

Ààlà wọ̀nyí wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í dá sọ̀rọ̀ fúnra wọn. Adájọ́ tí ẹjọ́ kún iwájú rẹ̀ bámúbámú kò ní bi yín ní iye tí ẹ ń san fún ẹni tó ń bá yín wo ọmọ. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́, ẹ máa fi ìwé tì í lẹ́yìn, ẹ sì máa rí i pé ó wọ inú àkọsílẹ̀ kóòtù. Ohun tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ò ní rí i. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ o. Ìdájọ́ Supreme Court, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà, lórí ìwé òfin ilẹ̀ náà ló de gbogbo wọn, torí náà màá máa sọ ibi tí òfin kọ̀ọ̀kan ti wá.

Ẹ ya owó náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀

Tí wọ́n bá ní ẹ jẹ kóòtù ní $1,840, ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀ ní odidi. Ẹ lọ bá akọ̀wé kóòtù, ẹ ní kó tẹ ìwé tó to owó náà lẹ́sẹẹsẹ fún yín. Oríṣi mẹ́rin ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Owó ìtanràn ni ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀. Owó àsanpadà ni ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀: mọ́tò tó bàjẹ́, ọjà tí wọ́n jí, owó ọsibítù. Owó kóòtù ni èyí tí ìjọba ń gbà fún iṣẹ́ kóòtù fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àwọn àfikún tí òfin ìpínlẹ̀ so mọ́ ọn. Ẹ̀kẹrin ni owó tó ń wọlé lóṣooṣù: ìmójútó probation, ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀, àyẹ̀wò ìtọ̀ nítorí oògùn olóró, kíláàsì tí wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ yà wọ́n ni pé ọ̀nà àbájáde wọn ò pa pọ̀. Owó oṣooṣù ló máa ń rọrùn jù láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé kúrò, nítorí kì í ṣe ara ìjìyà, kì í sì í ṣe ti ẹnikẹ́ni tí wọ́n pa lára. Owó àsanpadà ló le jù. Adájọ́ lè dín iye tí ẹ ń san lóṣooṣù kù, ṣùgbọ́n gbèsè náà á ṣì wà níbẹ̀, ọ̀nà tí oníṣòwò ń gbà sá fún gbèsè ní kóòtù bankruptcy pàápàá kì í sábà gbà á sílẹ̀. Supreme Court ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nínú ẹjọ́ Kelly v. Robinson lọ́dún 1986. Ní kóòtù ìjọba àpapọ̀, òfin sọ pé kí adájọ́ tó bu owó ìtanràn lé èèyàn, ó gbọ́dọ̀ wo ìnira tí owó náà máa kó bá àwọn tí ẹlẹ́jọ́ ń gbọ́ bùkátà wọn, owó ìtanràn náà ò sì gbọdọ̀ ṣèdíwọ́ fún owó àsanpadà. Inú 18 U.S.C. § 3572 ló wà (U.S.C. ni àkójọ òfin ìjọba àpapọ̀). Tí lọ́yà yín ò bá dárúkọ àwọn ọmọ yín ní ọjọ́ ìdájọ́, ó ti fi ohun tí òfin gan-an ní kí wọ́n gbé yẹ̀ wò sílẹ̀.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní California, láti July 1, 2021 tí òfin AB 1869 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sí owó ìmójútó probation mọ́ fún àgbàlagbà. Tí ẹ bá ṣì rí i nínú ìwé yín, ẹ gbé e lọ bá lọ́yà. Ní Washington, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà sọ lọ́dún 2015, nínú ẹjọ́ State v. Blazina, pé adájọ́ gbọ́dọ̀ wádìí bí agbára ẹni náà ṣe tó kó tó bu owó tí kì í ṣe dandan lé e lórí. Kò tó kí fọ́ọ̀mù kàn ti ní gbólóhùn kan nínú tó sọ pé "ó lágbára láti san." Ní Georgia, níbi tí ilé iṣẹ́ aládàáni ti ń ṣe ìmójútó fún àwọn kóòtù kéékèèké, òfin ọdún 2015 sọ pé tó bá jẹ́ àìlówó láti san owó ìtanràn lọ́jọ́ ìdájọ́ nìkan ló gbé èèyàn dórí probation, owó ìmójútó tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju ti oṣù mẹ́ta lọ.

Ẹni tí kò ní, àti ẹni tí kò fẹ́ san

Ẹjọ́ tí gbogbo òbí tó wà lórí probation gbọ́dọ̀ mọ orúkọ rẹ̀ ni Bearden v. Georgia, tí Supreme Court dá lọ́dún 1983. Wọ́n ní kí ọkùnrin náà san $500 owó ìtanràn àti $250 owó àsanpadà. Ó yá $200 lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, ó san án. Ó ku $550, wọ́n fún un ní oṣù mẹ́rin. Kò pẹ́ ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ̀wé kà, ó wá iṣẹ́ títí, kò rí. Kí ọjọ́ tó pé, ó sọ fún ọ́fíìsì probation pé owó náà máa pẹ́. Síbẹ̀ kóòtù fagi lé probation rẹ̀, wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n. Supreme Court ní kò tọ́. Kí wọ́n tó lè ti èèyàn mọ́lé nítorí àìsanwó, adájọ́ gbọ́dọ̀ wádìí ìdí tí kò fi san. Tó bá ní owó tó sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀, tàbí tí kò sapá tòótọ́ láti wá a, wọ́n lè fìyà jẹ ẹ́. Tó bá sapá tí kò sì rí, adájọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ọ̀nà mìíràn: kó fi kún àkókò, kó dín iye kù, kó fún un ní iṣẹ́ ìlú ṣe. Ìgbà tí gbogbo ìyẹn ò bá lè ká ọ̀ràn náà nìkan ni ẹ̀wọ̀n kàn.

Kí ìyẹn tó wáyé, Williams v. Illinois (1970) ti ní wọn ò lè fi àìlówó sọ ẹ̀wọ̀n èèyàn di èyí tó gùn ju ibi tí òfin fi gígùn rẹ̀ mọ lọ. Tate v. Short (1971) sì ní ẹ̀ṣẹ̀ tó jẹ́ owó nìkan ni ìjìyà rẹ̀ ò gbọdọ̀ di ẹ̀wọ̀n fún tálákà torí pé kò rówó san lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wá dá lórí ìsapá tòótọ́, ibẹ̀ sì ni ìwé ti ń jà fún yín. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Gbogbo iṣẹ́ tí ẹ bá wá, ẹ kọ ọjọ́, orúkọ ibi iṣẹ́, ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀, àti èsì. Ẹ ya fọ́tò ímeèlì tí wọ́n fi ní àwọn ò gbà yín. Ẹ kó ìwé owó oṣù tó bọ́ sí oṣù mẹ́ta tó kọjá pa mọ́, àdéhùn ilé, ìwé iná, ìwé food stamps (ìrànwọ́ oúnjẹ ìjọba) tàbí Medicaid (ìtọ́jú ìlera tí ìjọba ń san fún tálákà), ìwé ilé ìwòsàn tí ọmọ bá ń ṣàìsàn, àti ìwé ẹni tó ń tọ́jú ọmọ. Ìwé food stamps tàbí SSI (owó tí ìjọba àpapọ̀ ń fún aláàbọ̀ ara àti arúgbó tí kò lówó) ṣe pàtàkì gan-an, nítorí ìjọba kan ti yẹ àpò yín wò kó tó fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi gbogbo rẹ̀ sójú ìwé kan ṣoṣo tí adájọ́ lè kà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ jẹ́ ká mú òbí ọlọ́mọ méjì tó ń gba $2,150 lóṣù lẹ́yìn owó orí. Ilé $1,200, iná àti omi $160, oúnjẹ tí food stamps ò tó fún $310, ọkọ̀ ibi iṣẹ́ $180, ẹni tó ń wo ọmọ lẹ́yìn iléèwé $240, fóònù $45. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ $2,135. Ó ku $15. Kóòtù wá ń béèrè ìmójútó $50, àyẹ̀wò ìtọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní $20 ìkọ̀ọ̀kan, àti àsanpadà $75, ìyẹn $165. Àlàfo àárín rẹ̀ jẹ́ $150. Nísàlẹ̀ ìwé náà, ẹ kọ ohun tí ẹ ń béèrè gan-an: kí wọ́n gbé owó ìmójútó àti ti àyẹ̀wò kúrò, kí àsanpadà di $10 lóṣù, kí wọ́n tún un wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Adájọ́ tí ẹ bá gbé iye pàtó síwájú rẹ̀ máa ń rí ohun tó máa fọwọ́ sí. Ẹni tó kàn ń sọ pé "kò sówó" ń fi iṣẹ́ lé adájọ́ lọ́wọ́, kò sì dájú pé adájọ́ á ṣe é.

Ìgbà tí ẹ bá béèrè ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe béèrè lọ. Ẹ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ náà kí ọjọ́ ìsanwó tó kọjá. Ẹ fi nọ́ńbà ẹjọ́ yín sí i, ẹ fi lé akọ̀wé kóòtù lọ́wọ́, kó lù ú ní òǹtẹ̀, ẹ gba ẹ̀dà kan. Ẹ fi ẹ̀dà mìíràn ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba àti sí òṣìṣẹ́ probation yín. Títí adájọ́ á fi dáhùn, ẹ máa san ìwọ̀nba tí ẹ bá lè san, kódà kó jẹ́ $5, ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ má fi owó tútù lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ láìgba ìwé.

Ohun tó ń gbé òbí lọ sẹ́wọ̀n jù lójú tèmi kì í ṣe àìlówó fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù ni. Owó ò pé, ojú ń tini, èèyàn ò lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un, kò lọ sí kóòtù lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́. Bearden ń dáàbò bo ẹni tí kò rówó san. Kò dáàbò bo ẹni tí kò farahàn rárá. Àìfarahàn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró, wọ́n á fọwọ́ sí wáráǹtì lọ́jọ́ yẹn gan-an, adájọ́ á sì gbà pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹ lọ pẹ̀lú ọwọ́ òfo. Tí ẹ kò bá rí ẹni fi ọmọ tì, ẹ pe akọ̀wé kóòtù ṣáájú, ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbé fóònù, tàbí kẹ́ ẹ mú ọmọ náà lọ.

Tí wọ́n bá sì ti fẹ̀sùn kàn yín pé ẹ rú òfin probation, Gagnon v. Scarpelli (1973) sọ pé ẹ ní ẹ̀tọ́ sí ìwé tó sọ ohun tí wọ́n ní ẹ ṣe, sí ìgbẹ́jọ́ níwájú ẹni tí kò gbè sẹ́yìn ẹnì kan, láti mú ẹlẹ́rìí wá, àti sí ìwé tó sọ ìdí tí wọ́n fi dá ẹjọ́ bó ṣe dá a. Ní ti lọ́yà, ìdájọ́ yẹn ní kí wọ́n máa wò ó lẹ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ fún ẹni tí kò lówó ní lọ́yà ìjọba, torí náà ẹ béèrè lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ìbéèrè kan tí wọ́n máa ń bi èèyàn ní kánmọ́kánmọ́: "Òótọ́ ni àbí irọ́ ni pé o kò san?" Ẹni tó bá dáhùn pé "òótọ́ ni" láìfi ohunkóhun kún un ti gbà pé òun rú òfin. Ẹ dáhùn báyìí: "N kò san án, nítorí pé n kò ní in. Mo sapá, ìwé mi nìyí. Mo fẹ́ kí kóòtù wádìí agbára mi láti san." Gbólóhùn yẹn gbọ́dọ̀ wọ àkọsílẹ̀. Ohun kan tún wà: tó bá jẹ́ pé ẹ ò ní lọ́yà nígbà tí wọ́n dá yín lẹ́bi, tí ẹ ò sì fọwọ́ ara yín jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ yẹn, Alabama v. Shelton (2002) ní tí wọ́n bá so ẹ̀wọ̀n rọ̀ lórí ìdájọ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ẹ̀wọ̀n tí wọ́n dá fún yín àmọ́ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ má tíì lọ, wọn ò lè torí rẹ̀ rán yín lọ sẹ́wọ̀n.

Òbí tó jẹ́ pé SSI nìkan ló ń wọlé fún tún ní odi kan lẹ́yìn. Òfin àpapọ̀, 42 U.S.C. § 407, kò gbà kí wọ́n fi ọ̀nà òfin gba owó Social Security lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Nínú City of Richland v. Wakefield (2016), kóòtù kan ní kí obìnrin kan tó ń gba SSI máa san $15 lóṣù. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Washington ní òfin yẹn ò gbà á láàyè. Kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ ló ti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òfin àpapọ̀ tó dúró lé lórí wà níbi gbogbo, ẹ lè dárúkọ rẹ̀.

Owó ìtọ́jú ọmọ

Owó ìtọ́jú ọmọ kì í sábà wà lára owó kóòtù tó fi èèyàn sórí probation, ṣùgbọ́n "máa san owó ìtọ́jú ọmọ" máa ń jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àpótí inú ìwé náà, tó fi jẹ́ pé gbèsè kan ṣoṣo lè gbé yín dé kóòtù méjì. Tó bá jẹ́ kóòtù ẹbí ló ń fẹ̀sùn títàpá sí àṣẹ kàn yín, Turner v. Rogers (2011) ló kàn. Supreme Court ò sọ pé dandan ni lọ́yà nínú irú ẹjọ́ yẹn. Níbi tí òbí kejì náà ò ti ní lọ́yà, ó ní ohun mẹ́rin lè dáàbò bo ẹni tí wọ́n fẹ́ tì mọ́lé: kí wọ́n sọ fún un pé agbára láti san ni kókó ẹjọ́ náà, kí wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù tó máa fi sọ ohun tó ní àti ohun tó ń ná, kí wọ́n jẹ́ kó dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀, kí adájọ́ sì sọ ọ́ jáde kedere pé ẹni náà lágbára láti san. Tí kò bá sí fọ́ọ̀mù lórí tábìlì, ẹ béèrè rẹ̀ lóhùn òkè.

Ohun tó tún ń pa òbí lẹ́kún ni dídúró. Òfin àpapọ̀ láti 1986 ò gbà kí adájọ́ padà sẹ́yìn lọ dín gbèsè ìtọ́jú ọmọ tó ti pé kù. Ọjọ́ tí ẹ bá fi ìwé ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì ti fi tó òbí kejì létí, ni ìdínkù ti lè bẹ̀rẹ̀. Tí iṣẹ́ bá bọ́ ní January tí ẹ wá lọ béèrè ní June, oṣù márààrún yẹn ti wọ gbèsè bó ṣe wà. Ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé náà lè béèrè láti inú ẹ̀wọ̀n. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2016 sọ pé ìpínlẹ̀ ò gbọdọ̀ ka ẹ̀wọ̀n sí àìríṣẹ́ tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ fà nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò owó náà.

Àṣẹ tó bá kan ọmọ

Fún àṣẹ tí kì í ṣe ti owó, ìbéèrè tí kóòtù California là sílẹ̀ nínú People v. Lent (1975) ni mo máa ń fẹ́ kí òbí fi wo ìwé rẹ̀. Àṣẹ kan kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tí kò bá jẹ mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀, tó bá jẹ́ pé ohun tó ń kà léèwọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀, tí kò sì ní í ṣe pẹ̀lú dídènà ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn lọ́jọ́ iwájú. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pé kó tó ṣubú. Ní kóòtù àpapọ̀, 18 U.S.C. § 3563 sọ pé ìdínkù òmìnira tó pọn dandan nìkan ni àṣẹ probation lè fà.

Tí àṣẹ náà bá wá gba àárín òbí àti ọmọ kọjá, òṣùwọ̀n náà ga sí i, nítorí ẹ̀tọ́ òbí lórí ọmọ wà lára ohun tí ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà dáàbò bò gidigidi. Nínú United States v. Wolf Child (2012), adájọ́ kan ní kí bàbá kan má ṣe wà pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ ṣáájú, lábẹ́ ìmójútó lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n. Ninth Circuit, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀ oòrùn, fagi lé e. Wọ́n ní adájọ́ gbọ́dọ̀ wo ọmọ kọ̀ọ̀kan àti àjọṣe kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kó sì sọ ẹ̀rí tó fi hàn pé bàbá yẹn léwu fún ọmọ yẹn. Irú ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ nìkan ò tó. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ọmọ náà gan-an ni wọ́n ṣẹ̀, ẹ má retí pé àríyànjiyàn yìí á gbé yín jìnnà. Ohun tí ẹ lè béèrè níbẹ̀ ni ọ̀nà díẹ̀díẹ̀: ìbẹ̀wò tí ẹnì kan ń mójú tó, lẹ́tà, fóònù, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n máa tún un wò.

Ní ti bíbí ọmọ sí i, kóòtù méjì kò fẹnu kò. Wisconsin, nínú State v. Oakley (2001), fi adájọ́ mẹ́rin sí mẹ́ta gbà pé kí bàbá ọlọ́mọ mẹ́sàn-án tó kọ̀ láti san owó ìtọ́jú má bímọ mìíràn àfi tó bá fi hàn pé òun lè bọ́ wọn. Ohio, nínú State v. Talty (2004), da irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ nù torí pé kò sí ọ̀nà kankan nínú rẹ̀ tí ẹni náà lè gbà kúrò lábẹ́ rẹ̀. Èmi fara mọ́ ti Ohio. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ wúlò fún àṣẹ mìíràn náà: ẹ béèrè pé kí àṣẹ tó bá kan ẹbí ní ilẹ̀kùn, kó sọ ohun tí ẹ máa ṣe kí wọ́n tó mú un kúrò.

Ọ̀pọ̀ ìjà òbí kò tó àwọn ẹjọ́ ńlá wọ̀nyí. Àkókò ni. Wọ́n ní ẹ gbọ́dọ̀ wà nílé ní aago méje alẹ́, aago mẹ́jọ lẹ sì ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n dá ìpàdé sí aago mẹ́ta ọ̀sán, àkókò yẹn gan-an lọmọ ń jáde níléèwé. Ẹ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, ẹ fi lẹ́tà ọ̀gá ibi iṣẹ́ àti aago iléèwé tì í lẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì kọ gbólóhùn tuntun tí ẹ fẹ́ kí adájọ́ fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀: "Ẹlẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ wà nílé láti aago 9:30 alẹ́ sí 5:00 àárọ̀, àfi tó bá ń lọ síbi iṣẹ́ tàbí tó ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní pàjáwìrì." Tí òṣìṣẹ́ probation bá fi ẹnu sọ pé kò burú, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ padà sí i nínú ímeèlì lọ́jọ́ yẹn. Òṣìṣẹ́ lè lọ sí ọ́fíìsì mìíràn lọ́la, ìwé àṣẹ adájọ́ ni ẹni tuntun máa kà.

Tí kóòtù ẹbí bá ní kẹ́ ẹ máa rí ọmọ ní ọjọ́ Sátidé, tí àṣẹ probation sì ní kẹ́ ẹ má sún mọ́ ọn, ẹ tẹ̀ lé èyí tó le jù nínú méjèèjì títí adájọ́ ẹ̀ṣẹ̀ á fi yí tirẹ̀ padà. Ẹ mú ìwé kóòtù ẹbí lọ bá a. Gbogbo àtakò lórí àṣẹ sì dára jù ní ọjọ́ ìdájọ́ gan-an: ẹ jẹ́ kí lọ́yà sọ pé òun takò ó, kó sì sọ ìdí. Tí kò bá sọ ọ́, ó lè di ohun tí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ò ní gbọ́ mọ́.

Tó bá jẹ́ ọmọ ló wà lórí probation

Níbí, òbí ò ṣẹ̀, síbẹ̀ ìwé owó lè máa wọlé fún un: owó àtìmọ́lé ọmọ, owó lọ́yà ìjọba, owó ẹ̀rọ ẹsẹ̀. Òfin SB 190 fòpin sí bíbu owó bẹ́ẹ̀ lé òbí ní California láti January 1, 2018, SB 1290 sì pa gbèsè àtijọ́ rẹ̀ rẹ́ láti ọdún 2021. Owó àsanpadà fún ẹni tí ọmọ náà ṣẹ̀ ò sí lára ohun tí wọ́n pa rẹ́. Ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń gba owó wọ̀nyí, ẹ béèrè ìgbẹ́jọ́ lórí agbára láti san, pẹ̀lú ojú ìwé kan ṣoṣo tí mo ti sọ.

Tí ọ̀rọ̀ bá sì burú débi pé wọ́n fẹ́ gba ẹ̀tọ́ òbí kúrò lọ́wọ́ yín pátápátá, àìlówó ò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn kò-tẹ́-mi-lọ́rùn mọ́ yín. Nínú M.L.B. v. S.L.J. (1996), wọ́n ní kí ìyá kan ní Mississippi san $2,352.36 fún àkọsílẹ̀ ẹjọ́ kó tó lè tẹ̀ síwájú. Kò ní in. Supreme Court ní ìpínlẹ̀ ò lè torí owó yẹn dí i lọ́nà. Ọjọ́ tí wọ́n fi ń gba ìwé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kúrú, torí náà ẹ fi fọ́ọ̀mù ìdáríjì owó sílẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà.

Ìgbà tó máa parí

Probation kì í ṣe ti ayérayé. Ní kóòtù àpapọ̀, ti felony, ìyẹn ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, kì í kéré sí ọdún kan, kì í sì í ju márùn-ún lọ. Lẹ́yìn ọdún kan ẹ lè bẹ adájọ́ pé kó fòpin sí i. Ti misdemeanor, ìyẹn ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, ò ní láti dúró dé ọdún kan. Ní California, láti 2021, AB 1950 fi ọdún kan ṣe òpin fún ọ̀pọ̀ misdemeanor, ọdún méjì fún ọ̀pọ̀ felony.

Ẹ ṣọ́ adájọ́ tó bá fẹ́ sún un síwájú nítorí pé owó ṣẹ́ kù. Ẹ bi í léèrè bóyá òfin ìpínlẹ̀ yín gbà kí wọ́n sọ owó tó kù di gbèsè lásán, kí probation sì parí lọ́jọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Gbèsè lásán lè jẹ́ kí wọ́n mú nínú owó iṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n òfin àpapọ̀ ní kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó ọ̀sẹ̀ lọ lẹ́yìn owó orí, wọn ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan $217.50 àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ ṣì wà ní $7.25 fún wákàtí kan. Owó ìtọ́jú ọmọ ò sí lábẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn. Tirẹ̀ lè dé ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí probation bá parí, ẹ gba ìwé tí adájọ́ fọwọ́ sí tó sọ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí akọ̀wé kóòtù wò ó lórí kọ̀ǹpútà bóyá wáráǹtì kankan ṣì wà lórúkọ yín.